Odó Inú Àpáta

Ìlà náà tún yọ ní agogo méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, gẹ́gẹ́ bó ṣe yọ lánàá.

Mo jókòó síwájú Awòfín, ẹ̀rọ wa, láìwọ bàtà. Bọ́tìnnì igi ló wà lára aṣọ mi, òwú ni mo fi di irun mi, nítorí irin kankan ò gbọdọ̀ bá wa wọ inú àpáta. Ọ̀gá Fámúrewà dúró lẹ́yìn mi, ó ń mí sí mi lọ́rùn. Lójú gíláàsì ẹ̀rọ náà, níbi tí a ti ń wá ìgbì òòfà láti ọdún mọ́kànlá, ìlà funfun méje tò tẹ̀ léra wọn, wọ́n ń rọra mì lọ, wọ́n ń rọra mì bọ̀.

"Ìbídùn, sọ fún mi pé o rí i." Ohùn ọ̀gá ò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà sínú lọ.

"Mo rí i, sà."

Ó fà sẹ́yìn, ó fara ti ògiri òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. N kò rí i kó sunkún rí. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ó sì ti fi mọ́kànlá nínú rẹ̀ bẹ ìlú Orí-Àpáta pé kí wọ́n bá òun dákẹ́ ní wákàtí mẹ́ta lóòjọ́. Ìlú náà sì ń dákẹ́. Bí ọ̀gá bá ti fa aṣọ funfun gòkè òpó ní agogo méjìlá ọ̀sán, táyà kankan ò gbọdọ̀ yí mọ́ títí di agogo mẹ́ta. Àwọn ọmọ iléèwé á dùbúlẹ̀ sórí ẹní, àgbà á bọ́ bàtà, ẹnikẹ́ni ò ní la igi, ẹnikẹ́ni ò ní gún nǹkan, àní orí koríko ni wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́ kí pátákò rẹ̀ má baà kan òkúta. Ọmọ ọwọ́ nìkan ni òfin gbà láàyè pé kó ké, ìyẹn náà nítorí pé wọn ò rí bí wọ́n ṣe máa bá a wí.

Kì í ṣe pé àwọn ará ìlú fẹ́ràn wa. Òṣùwọ̀n ooru ló mú wọn dákẹ́. Ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn gbogbo ilé láti ìgbà àwọn ọdún gbígbóná, a ní ọ̀kan nínú àpáta náà. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, kò séwu. Tó bá pọ́n, gbogbo ẹ̀rọ inú ilé yẹn á kú, ìbáà jẹ́ ààfin, ìbáà jẹ́ ilé ìwòsàn. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó pọ́n nílé ìwòsàn wa nígbà tí ẹ̀rọ arònú ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú ọpọlọ bàbá mi. Ẹ̀rọ tó bá ń ronú máa ń gbóná, òfin ò sì mọ bàbá ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ò kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò gbé ṣíbí mọ́. Inú ṣì ń bí mi di bí mo ṣe ń wí yìí.

Ẹ̀rọ tó bá ń fi ìgbì òòfà ronú kò ní gbóná tó bẹ́ẹ̀. Nínú òkúta níkẹ́ẹ̀lì tí à ń wò, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ń ṣe bí abẹ́rẹ́ òòfà kékeré. Tí ọ̀kan bá yẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á yẹ̀, òmíràn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kọjá lórí oko àgbàdo. A mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gé òkúta tí ìgbì yóò máa gbà lọ síbi tó fẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fojú rí ọ̀nà tí ìgbì ń tọ̀. Ìyẹn ni iṣẹ́ Awòfín. Ó ń da ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gba inú òkúta náà kọjá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣọ́ èyí tí ìgbì já díẹ̀ gbà nínú agbára rẹ̀. Ohun tí ìgbì ń já gbà kéré débi pé bí ẹnì kan bá ju ọmọ odó sílẹ̀ ní ìgboro, gbogbo rẹ̀ á dàrú.

Mo wo aago. Mo tún wo ìlà méje yẹn.

"Ọ̀gá, lánàá, agogo méjìlá kọjá ogójì ló bẹ̀rẹ̀. Ó parí ní agogo kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Òní náà, agogo méjìlá kọjá ogójì."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bóyá ó rẹ ìgbì náà lánàá."

"Kì í rẹ ìgbì òòfà, sà. Kì í sì í lọ jẹun ọ̀sán."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti ránṣẹ́ sí Ìgbìmọ̀ Ooru láàárọ̀ yìí. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ń bọ̀ lọ́la. O mọ̀ pé tí ọkùnrin yẹn ò bá rí ìgbì lójú ara rẹ̀, wọ́n á ti ibí yìí pa lóṣù tó ń bọ̀. Ọlọ́run wá fi ìgbì hàn wá, ìwọ ń bi í léèrè aago."

Mo dìde. Mo mú ọ̀pá etí lára ògiri. Ọ̀pá gígùn kan ni, tí a ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé òkúta. Gílóòbù kékeré orí rẹ̀ á tàn nígbà tí òkúta bá mì. Ọdún àkọ́kọ́ la lò ó kẹ́yìn, nígbà tí a ṣì ń wá ẹni tó ń da ìlú rú. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n yẹ ìta wò, sà," mo sì jáde kó tó dá mi lóhùn.

Oòrùn ti mú àpáta gbóná, mo ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń jó. Ìgboro dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ènìyàn jókòó sí ìloro, wọ́n ń fi ọwọ́ kí mi. Mo gbé ọ̀pá kalẹ̀ níwájú ọ́fíìsì ọba. Gílóòbù tàn, ó kú, ó tún tàn. Mo sún mọ́ ìhà ìlà-oòrùn, ìmọ́lẹ̀ náà ń le sí i. Mo sáré gba ẹ̀yìn ilé alágbẹ̀dẹ, mo gòkè àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, títí mo fi dé ilé kan tó dá dúró. Ìmọ́lẹ̀ orí ọ̀pá wá ń tàn bí ẹni tó ń ṣẹ́jú: gbì, gbì, gbì. Ṣùgbọ́n etí mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ilé Màmá Oyè ni. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tó wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi.

A kì í kan ilẹ̀kùn ní àsìkò ìdákẹ́, èékánná la fi ń họ ọ́. Mo họ ọ́. Gílóòbù kú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, Màmá yọjú. Òógùn bò ó.

"Ìbídùn ọmọ Akíngbadé. Wọlé kíá, kí o ti ilẹ̀kùn. Ohùn á jáde."

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọ̀sán, mà."

Inú yàrá ṣókùnkùn. Wọ́n fi fóòmù mẹ́rin dí fèrèsé méjèèjì, wọ́n fi aṣọ òkè tó ti gbó dí gbogbo ojú ihò ilẹ̀kùn. Abọ́sẹ̀dé, ọmọ ọmọ Màmá, jókòó sí igun yàrá pẹ̀lú ọmọ ọjọ́ márùn-ún lórí ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Láàárín ilẹ̀, nínú òkúta gan-an tí ilé náà dúró lé, ihò odó kan wà níbẹ̀ tí lílò ti mú dán, iṣu funfun kún inú rẹ̀ dé ìdajì. Ọmọ odó wà lọ́wọ́ Màmá.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Ojú rẹ ò fọ́. Iyán ni."

"Àsìkò ìdákẹ́ la wà, mà."

"Mo mọ̀. O gbọ́ nǹkan kan nígbà tí o wà níta?"

"Rárá, mà."

"Mo wí bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí Abọ́sẹ̀dé, inú rẹ̀ dùn. "Ṣé mo sọ fún ẹ? Fóòmù mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́."

Ó ṣe mí bíi kí n rẹ́rìn-ín, ó tún ṣe mí bíi kí n sunkún. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀pá lé ilẹ̀ yàrá. "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gún un lẹ́ẹ̀kan péré."

Ó gún un. Gílóòbù tàn débi tí ọmọ tuntun fi pajú dé.

Mo ní, "Ẹ̀rọ tó wà nínú àpáta ò ní etí, mà. Ẹsẹ̀ ló fi ń gbọ́. Òkúta kan náà lòun àti odó yín jọ dúró lé. Ẹ dí ojú ọ̀run, ẹ wá fi ilẹ̀ sílẹ̀."

Màmá rọra jókòó sórí àpótí. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ló dà lára ọmọ yìí nígbà ìbímọ. Oúnjẹ kan ò dúró níkùn rẹ̀ àfi iyán gbígbóná. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni òṣùwọ̀n wa gbà ká dáná lóòjọ́, nítorí ẹ̀rọ tó ń mú yàrá ọmọ lọ́wọ́ọ́rọ́ ló ń jẹ ìyókù. Ọmọ ò sì jẹ́ kó sùn lóru, ọ̀sán ló ń jí. Ṣé kí n wá gún un láàárọ̀, kó jẹ ẹ́ ní tútù, kó tún bì í?"

Abọ́sẹ̀dé ní, "Àǹtí Ìbídùn, ṣé wọ́n á lé wa lọ sísàlẹ̀?"

Gbogbo wa la mọ òfin náà. Ẹni tó bá da ìdákẹ́ rú á kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí àpáta títí ayé, wọ́n á sì ti ilé rẹ̀. Ìyá ìyá ìyá Màmá ló gbẹ́ odó yẹn. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ nínú àpáta sì ti búra pé tí mo bá mọ ẹni tó dá a rú, n óò sọ ọ́ kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀.

Màmá ní, "Ṣe ohun tí o ní í ṣe. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó jẹun tán ná."

Ó tún dìde, ó gún iyán náà tán lójú mi. Mo dúró tì í. Mo ń wo gílóòbù bó ṣe ń tàn pẹ̀lú ọmọ odó, tó ń kú láàárín. Agogo kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni Màmá bù ú sínú abọ́.

Nígbà tí mo padà, ọ̀gá ń rìn kiri níwájú Awòfín. Ìlà méjèèje ti lọ.

"Odó ni, sà," ni mo wí. "Màmá Oyè ń gún iyán fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìgbà tó bá gún un ni ojú ẹ̀rọ ń mì, tí ìlà ń yọ."

Ó jókòó. Ó wò mí bí ẹni tí mo gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbà á lóòótọ́. Nígbà tó yá, ó sọ ohun tí mo ti ń bẹ̀rù pé ó máa sọ. "Ta ló mọ̀, Ìbídùn? Èmi, ìwọ, àti ìyá arúgbó kan tí kò ní fẹ́ sọ ọ́. Ọ̀la, kó gún iyán rẹ̀. Ṣówándé á rí ìlà, á fọwọ́ sí ìwé, a óò ní ọdún márùn-ún sí i láti wá èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní lé Màmá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó wọ̀ mí létí. Fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, mo rò ó dáadáa. Màmá á wà nílé rẹ̀, èmi náà á wà níbi iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn náà mo rántí ibùsùn bàbá mi.

"Sà, àwòrán yẹn ni wọ́n á fi gé òkúta fún ilé ìwòsàn. Wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ arònú. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ dé, tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, kí la máa sọ fún un? Pé iyán ni?"

Ó sorí kọ́.

Ọ̀pá etí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo wò ó. Gílóòbù tó ń tàn pẹ̀lú ọmọ odó, tó ń kú láàárín, kò kúrò lójú mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ọ̀pá yìí mọ ìgbà tí odó ń dún, ká má parọ́, ó mọ̀ ọ́n dé ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá. Awòfín náà ń kọ àkókò tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan bá dé. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí a bá yọ gbogbo èyí tó dé nígbà tí òkúta ń mì, bí a ṣe ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, ṣebí ẹ̀wà ló kù?"

Ó gbé orí sókè.

"Tó bá sì rí bẹ́ẹ̀," ni mo ń bá a lọ, ẹnu mi ti ń yára ju ọkàn mi lọ, "kí la tún ń dákẹ́ sí? Ìgbì yẹn kéré, wákàtí mẹ́ta ò tó o. Agogo mẹ́ta bá lù, a pa ẹ̀rọ. Ọjọ́ kejì, a tún bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Kí ló dé tí a ò jẹ́ kó máa wò ó lọ ní tọ̀sán tòru?"

"Òfin ní àwòrán tí a bá yà nínú ariwo kì í ṣe àwòrán."

"Ta ló kọ òfin yẹn, sà?"

"Èmi ni," ló wí. "Ẹ̀rù ariwo ń bà mí nígbà yẹn."

Mo lọ wá àwọn ọ̀pá etí tó kù.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé gòkè dé ní ọjọ́ kejì, agogo mọ́kànlá ààbọ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó so òṣùwọ̀n ooru kékeré mọ́ ọrùn bí ẹni so ìwé ìdánimọ̀. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó ní, "Ẹ fi ìgbì náà hàn mí."

Mo ní, "Ohun tí ọ̀gá ránṣẹ́ sí yín lé lórí kì í ṣe ìgbì, sà. Odó ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, fóòmù mẹ́rin, iyán, ìlà méje. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Arábìnrin, ẹ pè mí gòkè àpáta yìí nínú oòrùn kí n wá wo odó?"

"Ká wo ohun tó wà lábẹ́ odó ni mo fẹ́, sà. Mo ti bẹ Màmá pé kó gún iyán rẹ̀ lónìí. A ti gbé ọ̀pá etí mẹ́fà kalẹ̀ káàkiri ìlú. Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ ká má pa ẹ̀rọ ní agogo mẹ́ta. Ọ̀sán ọ̀la, ẹ wá wò ó."

"Ìyá yẹn dá ìdákẹ́ rú. Ẹ tún ní kó dá a rú sí i. Ẹ mọ ibi tí òfin ní kí ó máa gbé?"

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ti òní, èmi ni mo rán an. Tí wọ́n bá fẹ́ lé ẹnì kan, kí orúkọ mi ṣáájú."

"Rárá," ni ọ̀gá Fámúrewà wí láti ẹ̀yìn. Kò ké, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó gbé ohùn sókè nínú àpáta. "Tèmi ni kó ṣáájú. Èmi ni mo kọ òfin náà, èmi ni mo sì kọ ọ́ ṣì."

Ṣówándé wo èkínní, ó wo èkejì. Ó ní òun á sùn ní ilé àlejò, pé títí di ọ̀sán ọ̀la ni a ní. Kò rẹ́rìn-ín sí wa, kò sì bínú sí wa.

Ní agogo méjìlá kọjá ogójì, ìlà méje yọ lójú gíláàsì. Mo sọ fún Awòfín kó ṣa gbogbo èyí tó bá ọmọ odó dé. Ìlà parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó kù dúdú.

Agogo mẹ́ta lù. Ọ̀gá lọ sọ aṣọ funfun kalẹ̀, mo sì ká ọwọ́ mi sí itan kí n má baà pa ẹ̀rọ, nítorí ọwọ́ náà ti mọ́ ọn lára. Ìlú jí. A gbọ́ táyà, a gbọ́ àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń sáré, a gbọ́ alágbẹ̀dẹ. Àmì pupa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì ní gbogbo ìgbà tí òkúta bá mì, Awòfín ń ju ti ìgbà yẹn nù, ó ń tọ́jú ti àárín. Mo tì í mọ́ ibẹ̀, mo lọ sílé lọ sùn. N kò sùn, àmọ́ mo dùbúlẹ̀.

Láàárọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ wọlé. Ọ̀gá ò fẹ́ wò ó. Ó ní kí n kọ́kọ́ wò ó fún òun.

Kì í ṣe ìlà méje. Ẹyọ kan ni, fẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ́ gba ojú òkúta lọ, ó sì fẹjú díẹ̀ níbi tó ti dé etí òkúta náà. Kò lẹ́wà tó ti odó. Ká ní mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà méje yẹn, n kò ní kà á sí.

"Ìyẹn lásán?" ni Ṣówándé wí.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ fi ọwọ́ yín yí bọ́tìnnì yẹn. Ó ń mú òkúta níkẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ẹ̀rọ gbóná. Kò tóbi tó orí abẹ́rẹ́, òṣùwọ̀n ò tiẹ̀ ní mọ̀ ọ́n. Tó bá gbóná ju epo àkàrà lọ dáadáa, òòfà inú rẹ̀ á dàrú, ìgbì ò ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Odó ò mọ̀ bóyá òkúta gbóná tàbí kò gbóná. Ìgbì mọ̀."

Ó yí i. Nísinsìnyí tí Awòfín ti mọ ibi tó yẹ kó wò, wákàtí kan péré ló gbà kí àwòrán tuntun tó dúró. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ náà ti lọ. Ó yí i padà, a tún dúró ní wákàtí kan. Ìlà náà padà wá síbi tó wà tẹ́lẹ̀, láìyẹ̀ rárá.

Ṣówándé ò mú ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì náà. "Ṣé ó ti wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún mọ́kànlá yìí?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Agogo mẹ́ta bá lù, a máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Mo gbọ́ tí ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó ti sún mọ́ gíláàsì, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ṣówándé mú ìwé rẹ̀ jáde, ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó ń kà á bó ṣe ń kọ ọ́. "Odó ilé Màmá Oyè: ara ohun èlò ìdánwò Awòfín. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí i, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i nípò."

"Láti ọjọ́ wo, sà?" ni mo bi í.

"Láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ yọ lójú gíláàsì yín. Ṣé ohun èlò kì í ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni? Iṣẹ́ ló ń ṣe, kò da ìdákẹ́ rú." Ó pa ìwé dé. "Òfin fúnra rẹ̀ kò tíì yí. Oṣù tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e. Ṣùgbọ́n mo tún un kà lálẹ́ àná. Ó ní ìdákẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí aṣọ funfun bá gòkè. Kò sọ pé ó di dandan kí aṣọ gòkè."

Agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà tí a jáde. Ọ̀gá mú okùn òpó dání bó ṣe máa ń mú un. Nísàlẹ̀, gbogbo ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà, wọ́n gbójú sókè sí wa. Agogo méjìlá lù. Ọ̀gá tú aṣọ funfun kúrò lára okùn, ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi há abíyá.

Ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Àwọn ènìyàn dúró pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Ìlú dákẹ́ ju bó ṣe ń dákẹ́ lọ, fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko, láìsí òfin tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo rí Màmá Oyè lókè lọ́hùn-ún. Ó ń fa fóòmù kúrò lójú fèrèsé, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó ń sọ wọ́n síta sínú oòrùn. Ó wọlé padà. Odó rẹ̀ dún, ohùn rẹ̀ jáde gba ojú fèrèsé, mo sì dúró níta, mo fi etí ara mi gbọ́ ohun tí mo ti fi ojú rí láti ọjọ́ mẹ́ta. Kò pẹ́ púpọ̀ tí odó kejì fi dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ilé alágbẹ̀dẹ, òmíràn tún dún nítòsí iléèwé.

Mo sáré padà wọ inú àpáta. Àmì pupa ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì bí òjò. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ wa wà níbi tó wà, ó ń mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀.

Mo ronú kan ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi. Ó ti pẹ́ jù fún ọwọ́ yẹn, ó dùn mí, kò sì ní yéé dùn mí. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọmọ Abọ́sẹ̀dé tó ń ké lókè, ọmọ ọjọ́ méje, kò sì tíì pẹ́ jù fún òun.

Mo wọ bàtà mi ní ọ̀sán gangan, mo sì lọ bá Màmá jẹ iyán.